Ẹ Má Pe Ọmọ Wa Ní Dókítà Mọ́

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Lálúpọn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé wa láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ yín ló ti pè wá pé ẹ ò rí pásítọ̀ àti màmá ní ìpàdé àdúrà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí àìsàn, kò sí òfò. Ìrìn àjò la lọ, àwa àti àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ bẹ̀ yín.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Dókítà la ń pe àkọ́bí wa obìnrin. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. A fà á lọ́wọ́ wá síwájú pẹpẹ, a gbé máíkì, a ní Olúwa wí pé dókítà ni ọmọ yìí, aṣọ funfun ni yóò wọ̀. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe kígbe Àmín lọ́jọ́ náà? Láti ìgbà yẹn, ó kàn di orúkọ rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ á ní, "Dókítà wa, ṣé dáadáa lo jí?" Ìyá àgbà kan tiẹ̀ máa ń na apá sí i lẹ́yìn ìsìn pé kó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀. Ọmọ náà á kàn rẹ́rìn-ín. A rò pé ẹ̀rín ayọ̀ ni.

Lọ́dún yìí ó jókòó fún JAMB, ó gba 231. Máàkì yẹn kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń du ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ó ṣòro kí 231 tó gbé èèyàn wọlé. Àwa pásítọ̀ yín kò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí èsì náà jáde. A ń ro ọjọ́ iwájú ọmọ wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí á má purọ́, ohun tí a sọ lórí pẹpẹ la ń rò jù.

A wá dá ọgbọ́n kan. Ẹ mọ ilẹ̀ éékà mẹ́ta tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ àdúgbò wa ṣe ń lọ báyìí. Ibi tí a ti ya àgbàdo lọ́dún tó kọjá, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò síbẹ̀ lónìí. Ajẹ́ǹtì kan ti mú oníbàárà wá láti ìgboro, ọjọ́ Ajé la fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. A ní bí Ìbàdàn ò bá gbà á, owó ilẹ̀ yóò mú un wọ yunifásítì aládàáni tó ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kí ọ̀rọ̀ Olúwa sáà ṣẹ. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, a ní kí gbogbo ilé jọ jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, kí á wo àwọn ọgbà yunifásítì, kí á sì fi ojú rí àwọn ohun tó yẹ ní rírí, nítorí àwọn ọmọ wa kò tíì jáde fàájì rí. A ní bí ó bá rí ibẹ̀, inú rẹ̀ á gbóná sí i.

Ọjọ́bọ̀ la kọ́kọ́ jáde. A gba Olódó àti Mónátán dé Ìwó Róòdù, a wọ inú ìlú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà UCH, a dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ní kí ọmọ wa wò ó dáadáa. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́. A nawọ́ sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá nínú aṣọ funfun. Ọmọ wa ní, "Mo rí wọn, Dádì." Ó tán síbẹ̀.

Ní yunifásítì gan-an, ẹnu ya gbogbo wa. Ẹ̀yin ará, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọjá níwájú géètì yẹn, ṣùgbọ́n bíríkìlà la bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a wọ ibẹ̀ rí, a ru yanrìn lórí. Owó kò sí nígbà náà tí à bá fi kàwé dé ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni Ọlọ́run ṣí fún wa, dípílómà la sì gbà, a ò kábàámọ̀ rẹ̀. A sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn ọmọ: pé ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, pé Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó dé ibi tó wà yìí, àti pé ọdún 1962 ló di yunifásítì tó dá dúró. A rí ilé ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Dike pè, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ibẹ̀. A dé ọgbà ẹranko pẹ̀lú. Àbíkẹ́yìn wa dúró níwájú kìnnìún, ó ní, "Dádì, ṣé irú èyí ló wà nínú ihò tí wọ́n ju Dáníẹ́lì sí? Kí ló dé tí eléyìí kàn ń sùn?" Màmá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

A ti ń múra àti máa lọ sílé nígbà tí àkọ́bí wa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ya IITA? Kò jìnnà, lẹ́yìn Òjòó ni."

A ní, "IITA kẹ̀? Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ìgbà náà la tó mọ̀ pé ó ti bá arákùnrin kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tí a jọ ń jọ́sìn nígbà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti tọrọ àyè fún gbogbo wa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọmọ tí a rò pé kò lè sọ̀rọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ibẹ̀ tóbi o. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣe ìwádìí nípa oúnjẹ ilẹ̀ olóoru, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà. Arákùnrin yẹn mú wa dé ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí, ó wá sọ ìtàn kan tí a ò lè gbàgbé.

Ẹ̀yin àgbà Lálúpọn, ẹ ó rántí ìgbà tí kòkòrò funfun kéékèèké dà bo ẹ̀gẹ́, bí ẹni da ìyẹ̀fun sórí ewé. Ọwọ́ ẹ̀gẹ́ á kó jọ, igi rẹ̀ á ràn, kò ní ta iṣu tó jọjú. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, a ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A rí bàbá wa tí ó jókòó sí ẹ̀bá oko tí kò lè wọlé. Gààrí wọ́n. Àwọn àgbà ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n ṣe àìsùn. Nígbà tó yá, kòkòrò náà dínkù, ẹ̀gẹ́ tún rú ewé. A jó, a dúpẹ́. Ẹlòmíràn ní òjò ló gbá a lọ.

Arákùnrin yìí wá sọ fún wa pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti ré kọjá wá. Àwọn oníwádìí sì wá a lọ sí ilé rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Paraguay, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan, tí kò tó ẹ̀fọn, tó máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ pa láti inú. Wọ́n kó o wá, wọ́n sìn ín ní IITA, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ lọ́dún 1981, níbí ní agbègbè Ìbàdàn wa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé orílẹ̀-èdè tó ju ogún lọ ní Áfíríkà, wọ́n tilẹ̀ fi bàálù tú u. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé lọ́dún 1995.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ wa kò lè gbé wa. Ṣé ohun tí àwọn bàbá wa gbààwẹ̀ lé lórí ní Lálúpọn, ìhín ni Ọlọ́run ti ń dá wọn lóhùn? Wọ́n wà lórí eékún wọn, ẹnìkan sì jókòó ti agbọ́n kékeré, ó ń kà á. A ti ń jẹ́rìí àdúrà yẹn láti ogójì ọdún, a ò mọ ọwọ́ tí Ọlọ́run lò.

Níbi tí a ti ń ro èyí ni a gbọ́ ohùn ọmọ wa. Ó ní, "Sà, kí ni kò jẹ́ kí agbọ́n náà di ìyọnu mìíràn sí wa lọ́rùn?" Arákùnrin yẹn yí padà wò ó. Ó ní ìbéèrè tó dára ni. Ó ní agbọ́n náà kì í yé ẹyin sínú ohun mìíràn, bí kòkòrò yẹn bá dínkù, òun náà á dínkù. Ọmọ wa tún bi í ní òmíràn, àti òmíràn. Nípa ewé tó ń ká kò tó sì ń ní àbàwọ́n ìyeyè. Nípa bí wọ́n ṣe ń rí irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn yẹn kò lè pa. Ojú rẹ̀ ń tàn. Màmá wọn fi ìgúnpá gún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn wa ló sọ ọ́: "Ẹ wo Dókítà Ẹ̀gẹ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, a mú ọ̀nà Ìwó pọ̀n. Láti Lálúpọn kò jìnnà. Yunifásítì Bowen wà lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú, ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà látijọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Ọdún 2001 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀. Orúkọ míṣọ́nnárì Thomas Jefferson Bowen ló ń jẹ́, ẹni tó ti Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ wa lọ́dún 1850, tó kọ́ èdè Yorùbá débi pé ó tẹ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1858. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ilé ìwòsàn wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti wà láti ọdún 1907. Ọgbà náà tutù, ó mọ́, ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Inú wa dùn. A bi ọmọ wa pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní, "Ó dára, sà." Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn àdúrà ẹbí, màmá yín jókòó sí etí ibùsùn. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí pẹpẹ, ṣé Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ̀yin?"

Háà! Ìyàwó pásítọ̀ ló ń bi pásítọ̀ léèrè o. A fẹ́ bínú. A la ẹnu láti dáhùn, ìdáhùn kò wá. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ bá wa lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a lọ sí Abẹ́òkúta. A ti ṣèlérí Òkè Olúmọ fún àwọn ọmọkùnrin wa. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ gba Alábàtà lọ, sí FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fún un tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá hẹ́kítà. Àwa la ní kí á yà, ọmọ kò bẹ̀ wá. Nígbà tí a sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tí a débẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú oko àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tẹ̀ síbi ewé ẹ̀gẹ́ kan, ó pè wá kí á wá wò ó. Ọmọ yìí ni a máa ń bá wí nílé pé kó fi oko ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ kàwé!

Àwọn àbúrò rẹ̀ sáré gun Olúmọ. Àwa fi ẹsẹ̀ àgbà tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ lọ́dún 1830. A jókòó lórí àpáta, a ń wo òrùlé páànù Abẹ́òkúta nísàlẹ̀. A ní kí ọmọ wa sọ ti ọkàn rẹ̀, kò sí ìjìyà.

Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń kó ìríra bá mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS3 ni mo ti mọ̀ pé n kò lè ṣe dókítà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́ Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní Olúwa ló wí. Mo wá rò pé bóyá èmi ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, tí Olúwa fi wí ohun kan tí ọkàn mi kò fẹ́. Mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ó ti ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run dárí jì í nítorí ọ̀rọ̀ tí àwa sọ.

Ẹ̀yin ará, ìgbà náà la sọ fún àwọn ọmọ wa ohun tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ìyá wa ṣàìsàn ìkẹyìn, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. A dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà kékeré kan kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. A kí i, kò dáhùn. A kúnlẹ̀, àwa pásítọ̀ yín, ó fi ẹsẹ̀ yẹ̀ wá sílẹ̀. Ìyá wa kú lọ́wọ́ ìdájí. Ọjọ́ yẹn la búra nínú ara wa pé ọmọ wa yóò wọ irú aṣọ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ojú di wá mọ́. Ọ̀rọ̀ tó jáde lórí pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ti wá. Ọgbẹ́ ọkàn wa ló sọ̀rọ̀. Àwa la fi orúkọ Olúwa bò ó.

A rántí wòlíì Nátánì. Dáfídì Ọba sọ fún un pé òun fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run. Ohun rere ni, àbí? Nátánì kò tilẹ̀ dúró gbàdúrà, ó ní kí ọba máa ṣe é, Olúwa wà pẹ̀lú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọlọ́run sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Dáfídì ni yóò kọ́ ọ. Nátánì ì bá ti dákẹ́ nítorí ojú tì í. Ó padà lọ bá ọba, ó sọ òtítọ́. Wòlíì òótọ́ ni kí ó tó lọ, wòlíì òótọ́ náà ni nígbà tí ó padà lọ tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà ni a ṣe ń kọ èyí. Iwájú gbogbo ìjọ la ti sọ ti àkọ́kọ́, kò yẹ kí á wá tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Olúwa kò rán wa pé dókítà ni ọmọ wa. Àwa la sọ ọ́. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ti tọrọ lọ́wọ́ ọmọ náà lórí àpáta, a sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ má pè é ní Dókítà mọ́. Ẹ pè é ní orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀, nítorí orúkọ náà dára.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a pe ajẹ́ǹtì. Inú bí i, a bẹ̀ ẹ́. A kò ta ilẹ̀ náà mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó yà wá lẹ́nu: ilẹ̀ tí a fẹ́ tà kí ọmọ lè di dókítà, orí rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà ti ń ro pé òun yóò dá oko ìdánwò òun sí. Ó kù ọjọ́ méjì péré.

Ó ti yí ohun tó yàn ní JAMB padà sí FUNAAB. Orúkọ kò tíì jáde. A ò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á lọ́dún yìí, a kò sì ní gbé máíkì sọ pé Olúwa ti wí. Ẹ kàn bá wa gbàdúrà.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ bi ọmọ yín léèrè. Ẹ mú un jáde lọ síbì kan, bí kò tilẹ̀ ju ẹ̀bá ojú irin Lálúpọn lọ, kí ẹ sì wo ohun tó mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Kí ẹ tó sọ pé Olúwa wí, ẹ yẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkàn yín wò, bóyá ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀ lórí eékún tó ń sunkún.

Kí Ọlọ́run wo ọgbẹ́ wa sàn, kí á má baà fi ru àwọn ọmọ wa lẹ́rù. Kí ó fi ọ̀nà àwọn ọmọ yín hàn wọ́n, kí ó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn. Ní orúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín. A ó rí yín lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Olúwa bá fẹ́.